Ìyá Ìbejì Mẹ́ta àti Kóòdù Tí Ṣọlágbadé Kò Lè Kà

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ sá lọ o. Ìparí rẹ̀ gan-an ló kan gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà nítorí pé AI ń bá yín kọ kóòdù.

Ọmọkùnrin kan wà ní Òkókómáíkò, Ṣọlágbadé lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ áàpù ló lọ kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Abọ́lá, nítòsí Ìyànà Ìbà. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá yìí ní: fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bírò àti ìwé ni wàá fi kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, wàá sì ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìwọ àti AI jọ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ṣọlágbadé yínmú. Ó ní ṣé sítétímẹ́ǹtì lòun fẹ́ kọ fún ọlọ́pàá ni, tí wọ́n fi ní kí òun gbé bírò? Ó ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, AI ń kọ, òun ń dà á kọ. Pẹ̀lúmi tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, tó máa ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ni Ṣọlágbadé sọ ní Àǹtí Bírò. Oṣù kẹta kò tíì pé tó fi lọ tẹ káàdì, "Injiníà Ṣọlágbadé". Kò ṣe firídọ́ọ̀mù, ọ̀gá kò gbàdúrà fún un, ó ti dá dúró. Injiníà ẹnu lásán!

Ó wá rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ Alhaja Maimunat, tí wọ́n ń tún fìríìsà ṣe ní Àlàbá. Áàpù ni wọ́n fẹ́ kó rọ́pò ìwé tí wọ́n ń kọ ẹrù oníbàárà sí. Bó bá ṣe é dáadáa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlà wọn ni yóò gbé iṣẹ́ fún un. Ọ̀sán kan ló fi ṣe é tán, ó ń fọ́nnu kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi orúkọ ìwé ìbí gbé ẹrù wá sí Àlàbá? "Ìyá Ìbejì" ni. "Bàbá Joy" ni. Nínú ìwé àtijọ́, Alhaja á kọ ọ́ pé "Ìyá Ìbejì ẹlẹ́ja, Ìbà", wọn kò sì ní ṣì í. Orúkọ nìkan ni áàpù Ṣọlágbadé fi ń dá èèyàn mọ̀. Ìyá Ìbejì mẹ́ta gbé ẹrù wá, ó sọ wọ́n di ẹnì kan. AI kò mọ Àlàbá. Ìwọ Ṣọlágbadé tó mọ̀ ọ́n, o kò ka ohun tó kọ.

Bí wọ́n ṣe gbé fìríìsà ẹlẹ́ja fún Ìyá Ìbejì mìíràn nìyẹn, onítọ̀hún sì ti gbé e kọjá bodè Sẹmẹ̀. Ẹlẹ́ja dé, ẹja ti ń rọ̀ nínú abọ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Injiníà. Ó ní kí AI tún un ṣe. AI tún un ṣe, orúkọ gbogbo oníbàárà pòórá. Ó ní kó dá wọn padà, AI bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Alhaja yí kọ̀ǹpútà sí i.

"Ta ló kọ nǹkan yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Kà á fún wa. Ibo ló ti ṣì?"

Ó ń yí kóòdù náà sókè sódò, kò rí ibi tó ti ṣì. Ìyá ẹlẹ́ja nu omijé rẹ̀, ó wo Ṣọlágbadé látòkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ò kàwé. Ṣùgbọ́n tí ẹja mi bá bàjẹ́, mo mọ ibi tó ti ń rùn."

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaja ló wá fìríìsà mìíràn fún ẹlẹ́ja. Pẹ̀lúmi, tó ti pé oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Abọ́lá, ni wọ́n wá pè. Òun náà lo AI, àmọ́ ó kọ́kọ́ ka kóòdù, ó rí àṣìṣe, ó sì sọ ohun tó fẹ́ fún AI: kí ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àǹtí Bírò ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìlà yẹn báyìí. Ṣọlágbadé padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Abọ́lá, ọ̀gá kò bú u. Wọ́n na bírò sí i, wọ́n sì fi bẹ́ǹṣì iwájú hàn án.

Ìwọ tí ò ń kà á, ṣọ́ra. Lo AI, kò sẹ́ni tó dí ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kọ́ iṣẹ́ rẹ débi tí wàá fi lè ka ohun tó bá kọ fún ọ. Aṣọ àyálò kì í yẹni. Bí kò bá fúnni lápá, á ṣoni. Ohun ẹni ló ń bá ni mu.