Agbanipa Tí Orrin Fọwọ́ Mọ

Gbogbo ọdún tí Orrin fi ń ṣe géèmù lọ́jọ́ Àìkú ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé Lorna, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oníwòsàn ló máa ń jẹ́. Géèmù ẹnu ni: olúkúlùkù á mọ ẹ̀dá kan, olùdarí á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dáìsì á sì dájọ́. Òun ní í di ojú ọgbẹ́ fáwọn jagunjagun, òun ní í se àgbo. Nítorí náà, nígbà tó sọ fún Tess, tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù, pé agbanipa lòun fẹ́ mọ báyìí, ẹ̀rín pa obìnrin náà débi pé díẹ̀ ló kù kí kọfí gba imú rẹ̀ jáde.

“Ìwọ! Ìwọ tó o máa ń bẹ ìkookò kó o tó fi igi lé e?”

“Kọ́ mi jàre. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ilé kọfí tó kọjú sí èbúté ni wọ́n jókòó sí. Oṣù Kìíní ni. Yìnyín ti bo adágún ńlá tó wà níwájú wọn títí dé ibi tójú lè rí i dé, gbogbo ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ló sì ti wà ní síso ní èbúté. Orrin kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń yí ife, ó ń wo ojú fèrèsé, ó tún ń yí ife.

“Ó dáa,” ni Tess wí. “Àṣìṣe táwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó gbogbo agbára sí i lápá. Agbanipa kì í jà. Tó bá fi lè di ìjà, ó ti kùnà nìyẹn. Ìkọlù àkọ́kọ́ ni kó o kó ohun gbogbo lé. Kó mọ̀ ọ́n yọ́ rìn, kí ojú rẹ̀ má jọ ti èèyàn burúkú, kí májèlé wà lẹ́nu ọ̀bẹ. Kó o sì dúró dìgbà tí ẹni náà bá bọ́ ẹ̀wù irin. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.”

“Tí kò bá wá kú ńkọ́?”

“Á ju dáìsì olójú ogún láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ májèlé. Nọ́ńbà ńlá, ó yè. Nọ́ńbà kékeré, ó di ará ọ̀run. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ mọ́. Ta lo tiẹ̀ fẹ́ pa?”

“Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ mi.”

Irọ́ ni. Apá-Irin ló fẹ́ pa, jagunjagun tó jẹ́ ti Wendell, ọkọ Lorna.

Wendell, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, ló ṣe òfin méjì tó de tábìlì wọn. Ẹni tí kò bá sí nílé, olùdarí ni yóò máa bá a gbé ẹ̀dá rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹnu lásán yọ ẹ̀dá kankan kúrò nínú géèmù. Àfi kó kú, èyí tó bá sì kú kì í padà. Lorna ni olùdarí. Òun ló ń bá ọkọ rẹ̀ gbé Apá-Irin, tó ń mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin, tó ń fi dáìsì ọkọ rẹ̀ jà.

Obìnrin náà sì ń gbẹ. Ohun tó ń dun Orrin nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lápá gúúsù ń pè é pé kó wá gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó máa rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀.

“Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Orrin bẹ̀ ẹ́. “Ẹ ò jẹun, ẹ ò sùn.”

“Ta ni kó wá máa gbé Apá-Irin? Wendell ló fi lé mi lọ́wọ́.”

“Ṣé torí Wendell lẹ ò fi ní láyé tiyín mọ́ ni?”

“Orrin, ọkọ mi ni. Gbẹ́nu ẹ kúrò níbẹ̀.”

Orrin padà sílé, ó ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà. Inú ń bí i sí Wendell, ojú sì ń tì í pé inú ń bí òun. Ó mọ agbanipa náà kún oníwòsàn tó ti ní, ó tú u ká, ó tún un mọ. Ó dín agbára apá rẹ̀ kù, ó fi kún yíyọ́rìn. Ó sọ ọ́ ní Èéfín. Bí Èéfín bá tàsé, Lorna yóò mọ ohun tó ń wá, kò sì ní jẹ́ kó sún mọ́ Apá-Irin mọ́ láé.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Gus, aládùúgbò tó máa ń ṣe tafàtafà nínú géèmù náà, gbé wàràkàṣì díndín wá. Wọ́n jẹ, wọ́n ṣe géèmù. Apá-Irin dé ilé èrò kan, ó bọ́ ẹ̀wù irin rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú iná.

“Èéfín yọ́ wọlé,” ni Orrin wí. “Ó gún Apá-Irin lẹ́yìn ọrùn.”

Gus fò dìde. “Orrin! Ti Wendell? Àbí orí ẹ dàrú ni? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani lóòótọ́!”

“Jókòó, Gus,” ni Tess wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. “Jẹ́ kó jù ú.”

Orrin ju dáìsì. Ọ̀bẹ wọlé. Ó wá ku májèlé.

Olùdarí kì í ju dáìsì ní gbangba. Ẹ̀yìn páálí ìbòjú ni Lorna ti ń ju tiẹ̀, ohun tó bá sì sọ pé òun rí, ibẹ̀ náà labẹ gé sí. Ó mú dáìsì ọkọ rẹ̀, ó dì í mọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó jù ú. Ó wò ó títí. Orrin tó jókòó sí igun tábìlì rí i láti ẹ̀gbẹ́ páálí: ogún ni, nọ́ńbà tó ga jù lọ. Gbogbo wàhálà rẹ̀ ti já sí asán. Ó di ojú rẹ̀.

“Ó ti kú,” ni Lorna wí, ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti kọ̀ láti sọ láti oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n sin pósí Wendell pẹ̀lú bàtà rẹ̀ nìkan nínú rẹ̀, torí pé adágún kò dá a padà.