Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún lórí Mónómà

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sin Lékè Akíndúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àtẹ̀jíṣẹ́ bàbá rẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀.

Ọwọ́ Oyíndà, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ni fóònù náà wà. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé, ìsìnkú nìkan ló gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀ ní Downsview lókè òkun. Yìnyín ojú títì ló gba ẹ̀mí Lékè, nígbà tó ń wakọ̀ bọ̀ láti Kingston, níbi tó ti ń ka ìwé kẹ́mísírì. Uncle Adéṣẹ́gun, àbúrò bàbá wọn, ló wá túfọ̀ fún Oyíndà. Òun náà ló gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

"Bàbá yín ò gbọdọ̀ gbọ́," ni Uncle wí. "Ọkàn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kò lè gba irú èyí. Tí wọ́n bá kọ nǹkan ránṣẹ́, ìwọ ni kó o máa fèsì, bí ẹni pé Lékè ni. Ìwọ lo kù, Oyíndà."

Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó ń dá gbé ní Weston láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì fún ọgbọ̀n ọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ ìwé kan báyìí tí yóò túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà sí Yorùbá. Etí rẹ̀ kò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ ni òun àti Lékè fi máa ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́. Lékè a bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà a parí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

"Mónómà ló kàn," ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wí. "Mo kọ ọ́ pé: ẹyọ kékeré tó lè so mọ́ irú rẹ̀ títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Mo fẹ́ àpẹẹrẹ tó máa yé ará ilé. Fi búrẹ́dì sẹ́nu, jẹ ẹ́ pẹ́ títí, má tíì gbé e mì. Kí lo rí?"

Búrẹ́dì kò sí nílé. Oyíndà wọ kóòtù, ó lọ rà á. Ó dúró nídìí síǹkì, ó ń jẹ ẹ̀là kan. Nígbà tó yá, ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ṣúgà. Ó jẹ méjì sí i.

"Ó dùn," ló kọ. Ó wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́, ó rí i pé Lékè kì í gbà fún bàbá wọn wẹ́rẹ́ báyẹn. Ó fi kún un: "Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yẹn ò péye."

"Olórí kunkun. Sọ ìdí rẹ̀."

Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ṣí ìwé Lékè. Ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Brampton. Ní Ọjọ́bọ̀, ó rí i.

"Itọ́ kì í já ẹ̀wọ̀n inú búrẹ́dì dórí mónómà," ló kọ. "Méjì-méjì ni wọ́n máa ń ṣẹ́kù, tí wọ́n ṣì di ara wọn mú."

"Ó péye," ni bàbá fèsì. "Ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá ní kó se ẹ̀wà, kó sì ṣàlàyé ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní kó rìn lọ sétí odò Humber, kó fọwọ́ kan igi, kó ronú bí glúkósì kan náà, ẹyọ ṣúgà tó jẹ́ mónómà wọn, ṣe di igi níbìkan, tó di búrẹ́dì níbòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní kó ṣàlàyé mónómà fún ẹni tí kò mọ kẹ́mísírì.

Modinat, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni Oyíndà ṣàlàyé rẹ̀ fún lásìkò oúnjẹ.

"Èmi tí mo gba F9 nínú kẹ́mísírì!" ni Modinat ké. "Oyíndà, kí ni mo fi ṣe ọ́? Odindi oṣù kan o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbí, ìgbà tó o máa lanu, mónómà!"

Oyíndà rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lọ kí bàbá ní Weston.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀gbẹ́ni alárìíwísí, wí nípa ìwé mi?" ni bàbá bi í.

"Ó ní àlàyé yín ti gùn jù."

"Jẹ́ kó máa pariwo." Bàbá yí ojú sí fèrèsé. "Ìwọ ńkọ́? Ara rẹ ti fẹ́ máa padà bọ̀ sípò."

Oyíndà ti múra irọ́ tí yóò pa sílẹ̀, bí bàbá bá béèrè ìdí tí Lékè kò fi wá. Bàbá kò béèrè, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Oyíndà ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́: "Bí gbogbo yòókù bá já kúrò, tó ku ẹyọ kan, ṣé a ṣì lè pè é ní mónómà?"

Ọjọ́ méjì kọjá kí èsì tó dé.

"Orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó fi ń di ẹlòmíràn mú ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, dókítà ní bàbá ti lè gba àlejò, Uncle Adéṣẹ́gun sì wá. Òun àti Oyíndà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá ní ilé ìwòsàn.

"Ẹ jẹ́ kí n dì wọ́n mú ná, Uncle, kẹ́ ẹ tó túfọ̀ Lékè fún wọn," ló wí. "Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lójijì."

Uncle kò ṣílẹ̀kùn.

"Oyíndà," ló wí, "ilẹ̀kùn bàbá rẹ ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ kàn, bàbá rẹ fúnra wọn ló rán mi sí ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn náà ni wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́, kó lè ku ohun kan láyé tí wàá máa dìde fún."