Yìnyín tí Katsunari Dà Sórí Omi Panápaná

Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé ìjà yìnyín lásán ni.

1.

Ní abúlé kan lórí òkè Akita, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ àti òrùlé nígbà òtútù, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Katsunari. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa so dáíkọ́n, gbòǹgbò funfun tó gùn bí apá, rọ̀ sínú àgọ́, kó dá iná igi sábẹ́ rẹ̀, kí èéfín yan án bí ẹni ń yan ẹja, kó tó fi iyọ̀ rẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yan tó o, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ba ti ẹ̀ jẹ́, nítorí etí rẹ̀ kò gba ìmọ̀ràn mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Tomeyo, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin àwọn panápaná abúlé náà, nítorí ó tọ́ sí wọn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba o. Kunio, olórí wọn, onígbàjámọ̀ ni. Misao ń ṣe wàrà sóyà tà. Àwọn tó kù ń gbin ìrẹsì, ọ̀kan ń pín lẹ́tà. Síbẹ̀, bí yìnyín bá bọ́ mọ́jú, wọ́n á ti gbé ṣọ́bìrì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á kó o kúrò lójú gbogbo ibi tí táǹkì omi ìpaná wà, kí kálukú tó gba ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò.

2.

Ọ̀kan nínú àwọn táǹkì omi náà wà lábẹ́ ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Katsunari. Ibẹ̀ gan-an ló ń da yìnyín òrùlé rẹ̀ sí. Àwọn panápaná á kó o kúrò láàárọ̀, Katsunari á tún da òmíràn lé e nírọ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," Kunio bẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. "Ẹ̀yìnkùlé yín fẹ̀. Ẹ máa dà á síbẹ̀."

"Ibẹ̀ jìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára, ẹ máa kó o. Ṣebí eré lẹ̀ ń ṣe? Ẹ wọ kóòtù, ẹ dé akoto, ẹ lọ mutí. Ìgbà wo niná jó kẹ́yìn lábúlé yìí?"

"Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n. À ń ṣọ́ ọ ni kò ṣe jó."

"Lọ fárí fún oníbàárà ẹ, jàre!"

Misao kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n Katsunari, ẹnu yín mú ju abẹ Kunio lọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Katsunari nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó da yìnyín padà sórí táǹkì, ó sì fi bàtà kì í mọ́lẹ̀ tìbínú-tìbínú, títí ó fi le bí òkúta.

"Omi gbogbo wa lo bò mọ́lẹ̀ yẹn, ọmọ mi," Màmá Tomeyo wí láti ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ pa fèrèsé dé, òtútù ń wọlé."

3.

Ọdún tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníbàárà ìlú sì ń kánjú. Katsunari náà kánjú. Ó to igi gbígbẹ lé iná ju bó ṣe yẹ lọ, ó kó èyí tó ti jinná sínú ọkọ̀, ó ní òun ò ní pẹ́ dé, ó sì wakọ̀ lọ sílùú. Ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í fi iná dáíkọ́n sílẹ̀ láìṣọ́. Gbogbo oníṣẹ́ náà ló mọ̀ ọ́n. Iná jó okùn, ó gun àjà, ó fò mọ́ ilé.

Fèrè panápaná ké. Kunio fi oníbàárà sílẹ̀ tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Misao pa iná ìdáná tirẹ̀, ó sáré jáde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, wọ́n tẹ́ rọ́bà omi, wọ́n yí sí táǹkì. Òkè yìnyín líle ló jókòó lé e. Ṣọ́bìrì kò ràn án. Táǹkì kejì sì jìnnà, rọ́bà kò tó o.

Bí Katsunari ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ bu omi sí i!"

Misao kò gbójú sókè. "Omi wà lábẹ́ yìnyín yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá wa wà á."

"Màmá mi dà?"

"Ó wà nínú ilé. Kunio ti wọlé lọ."

Katsunari wólẹ̀, ó ń fi èékánná wa yìnyín tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe Kunio. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí èéfín dúdú ń gbà jáde. Ó pẹ́. Ó pẹ́ jù. Nígbà tí Kunio máa yọ, ó fi kúbùsù di Màmá Tomeyo mẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún Kunio sì ti bó, nítorí ilẹ̀kùn tó ń jó ló fi í tì kí wọ́n lè kọjá.

Ìgbà yẹn ni ìdérí táǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Omi náà gba ilé àwọn aládùúgbò là. Ti Katsunari, ilé àti àgọ́, ó di eérú.

4.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, Katsunari lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tẹrí ba, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ó fi ilé Kunio ṣe ìkẹyìn, nítorí ojú ń tì í. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ti wà ní títì. Dókítà ti ní àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún Kunio kò ní nà tán mọ́.

Kunio fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn. Katsunari dojú bolẹ̀ nínú yìnyín.

"Kunio, èmi ni mo jó ọ lọ́wọ́. Èmi ni mo gba abẹ lọ́wọ́ ẹ."

Kunio na ọwọ́ òsì sí i. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ṣé Màmá ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Katsunari gbọ́ tó fi sọkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o! Panápaná àdúgbò yín, ọmọ ará ilé yín ni. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yà kúrò lójú omi, ẹ yà. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé ṣọ́bìrì, ẹ gbé e. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ọjọ́ tí iná bá dé, wọn kò ní bi yín léèrè èébú tẹ́ ẹ bú wọn kí wọ́n tó wọlé. Àwọn àgbà kò purọ́: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.