Kámẹ́rà Tí Gunnvor Rà ní Vadsø

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Gunnvor ní láti fi ra kámẹ́rà, Torleif, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ ohun gbogbo, sì ti fi ọ̀rọ̀ jẹ méjì nínú wọn.

Ilé kọfí Gunnvor wà lókè èbúté Vadsø. Tábìlì mẹ́fà ló ní, pẹ̀lú ògiri gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ òkun kì í dé. Ìdí ògiri yẹn ni àwọn oníbàárà máa ń fi ohun tí wọ́n bá tì wá sí, kí wọ́n tó wọlé wá jókòó. Inú ilé gbóná jù fún un. Ìwé kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn: bí òtútù bá ti kọjá ìwọ̀n mẹ́wàá sísàlẹ̀ òdo, kí kálukú gbé tirẹ̀ wọlé. Fún ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nídìí ògiri yẹn.

Lọ́jọ́rú, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ó rí ti Synnøve, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà, nídìí ògiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó ni ín, ló bá tì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní òun rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Aláàánú gidi. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọlọ́pàá ti dá a padà, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó ya fọ́tò, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Synnøve ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn pariwo dé etí òkun.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ máa ń wá síbẹ̀ dúró níwájú káńtà.

“Ẹ̀gbọ́n, a ò bá yín jà,” Synnøve ní. “Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ojú kankan lára ògiri yẹn títí di ọjọ́ Ajé, ilé kọfí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì la máa lọ.”

“Kọfí wọn dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́.”

“A ó máa mu ún bẹ́ẹ̀.”

Gunnvor ò rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ Àjíǹde, àwọn márùn-ún yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń gbé ilé náà ró. Bí wọ́n bá lọ, kọ́kọ́rọ́ ló kù.

Torleif ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fi aago ẹnu ọ̀nà kan sílé ara rẹ̀ rí, àtìgbà náà ló ti di ẹlẹ́rọ.

“Eléyìí ni kí o rà, ìyàwó wa. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì nílò wáyà. Oòrùn ló ń jẹ.”

Gunnvor wo ìta. Bó ti máa ń rí ní òpin àríwá ayé níbẹ̀, oòrùn ti wọ̀ láti oṣù kọkànlá, kò tíì yọ.

“Oòrùn wo?”

“Á yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Kí ebi máa pa á títí dìgbà náà?”

Torleif gbé e kọ́ ara ògiri síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, yìnyín ti bo ojú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré orí káńtà, tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde, funfun báláú. Torleif ní àwòrán náà mọ́ gan-an ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Gunnvor lọ sọ́dọ̀ Eskil, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta kámẹ́rà, tó sì ti há ọ̀rọ̀ olè sórí. Èyí tó wọ́n jù lọ ló kọ́kọ́ gbé síta.

“Màdámù, eléyìí á ka orúkọ ara ọkọ̀ ojú omi tó wà lódìkejì omi.”

“Èmi ò ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi.”

“Olè lè gba ibẹ̀ wá.”

“Kó lúwẹ̀ẹ́ wá? Nínú oṣù yìí? Bó bá débẹ̀, mà á fún un ní kọfí.”

Eskil gbé èyí tí owó rẹ̀ wà láàárín síta. Wáyà kan ló ń gbé iná àti àwòrán rẹ̀. Iná kékeré kan wà lẹ́yìn dígí rẹ̀ tó ń yọ́ yìnyín. Bí òtútù bá tó ogójì sísàlẹ̀ òdo, kò ní kú. Bí yìnyín bá ń bọ́, kò ní dún. Àfi bí èèyàn bá sún mọ́ ibẹ̀.

“Ṣé ó ń gbọ́ ohùn?”

“Ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n màdámù, olè kì í sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ olè?”

Ó rà á. Torleif ní òun ìbá bá a rí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, òtútù wà ní mẹ́fà sísàlẹ̀ òdo. Àwọn mẹ́rin dé ní agogo mọ́kànlá. Wọ́n gbójú sókè wo kámẹ́rà, wọ́n to tiwọn sídìí ògiri, wọ́n wọlé. Ìkankan ò bọ́ ẹ̀wù òtútù.

“Synnøve ńkọ́?” Gunnvor bi wọ́n.

“Ó ní òun ń rò ó.”

“Bó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?”

Ọ̀kan nínú wọn wo ife rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, a ò lè fi òun nìkan sílẹ̀.”

Gunnvor nu káńtà. Ó tún un nù. Nígbà tó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan dún. Synnøve ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń tì í bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró sábẹ́ kámẹ́rà, ó ju ọwọ́ sí i. Gunnvor ṣílẹ̀kùn.

“Ṣé ó rí mi?”

“Ó rí ọ. Fìlà rẹ wọ́.”

“Bí yìnyín bá bò ó lójú ńkọ́?”

“Iná wà nínú rẹ̀.”

Synnøve wo kámẹ́rà, ó wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún wo kámẹ́rà. Gunnvor padà sẹ́yìn káńtà, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò mí.

Synnøve bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká aṣọ onírun àgùntàn inú kẹ̀kẹ́ ọmọ náà kúrò díẹ̀, ó fẹnu ko iwájú orí ọmọbìnrin rẹ̀ olóṣù mẹ́rin, ó fi í sílẹ̀ kó máa sùn lọ níta láàárín yìnyín, bí àṣà wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́ mẹ́rin yòókù nínú kẹ̀kẹ́ tiwọn, ó sì wọlé wá béèrè kọfí.