Ọkọ̀ Kampamba Kọ̀, Kò Lọ

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni àpótí ìyá Kampamba ti wà nínú búùtù ọkọ̀. Ó di ọdún kẹjọ tí bàbá ti kú, tí ìyá ń dá gbé ní Luanshya, ọmọ sì ti wá láti Lusaka ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kampamba ṣíná ọkọ̀ ògbólógbòó rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yí títí, kò jí.

"Mo mọ mẹkáníìkì kan," ni ìyá wí, ó sì pè é.

Omi tíì kò tíì hó tí Ba Chisenga fi dé. Àgbà ọkùnrin ni, ó gùn bí ọ̀pá. Ó fi mítà rẹ̀ kan wáyà sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Abẹ́rẹ́ mítà kò mira.

"Kò sọ nǹkan kan," ó ní. "Bí kò bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ò ní fa epo."

"Ẹ ò lè tètè ṣe é?"

"Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ju ọmọ ogún ọdún lọ. Rọra."

Ìyá ro nshima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, ó sì se ẹja sí i. Àtẹ́rígbà ilé ìdáná ti lọ sílẹ̀ jù. Kampamba forí gbá a. Ba Chisenga tẹrí ba láìwòkè, ó wọlé. Ìyá gbé orí ẹja síwájú rẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń tú orí ẹja bí ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì!" ni Kampamba wí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Kampamba ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ mìíràn sí i. Mítà kò mira. "Wáyà ló já níbì kan," ni Ba Chisenga wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé abẹ́ àga, ó ń kọrin. Ọjọ́ Àìkú dé, kò tíì rí ibi tó já. Iṣẹ́ sì ń dúró de Kampamba ní ọjọ́ Ajé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì."

"Tòun ti orúnkún mi yìí?"

Kampamba mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ẹ máa gbé ibí. Màá máa wá lóṣooṣù. Dídá tí ẹ̀ ń dá gbé ló ń bà mí lẹ́rù o."

Ìyá ti ń fa àpótí jáde nínú búùtù. Ba Chisenga wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i." Àpótí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ fi bú ramúramù.

Kampamba fò sókè, ó dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ. Ó dé ìkóríta kó tó rántí ẹ̀pà tí ìyá dì fún un, ló bá ṣẹ́rí padà. Ó bá Ba Chisenga lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ru àpótí aṣọ tirẹ̀ wọlé; ìyá ń gbé bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ó kúkú dáa bó o ṣe padà, Kampamba," ni ìyá wí, "wá kí ọkọ mi dáadáa, òun ló kọ́ mi ní wáyà ọkọ̀ rẹ tí mo yọ ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì."