Ẹ̀jẹ̀ Adarí Ẹgbẹ́ Akọrin

Ṣọ́ọ̀ṣì tí Olúwaníyì àti Rejoice ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í kéde ìgbéyàwó ẹni tí kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọkọ á lọ ṣe tirẹ̀, ìyàwó á lọ ṣe tirẹ̀. Ilé àyẹ̀wò á wá fi èsì ránṣẹ́, nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, sí Màmá Dorcas, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gba àwọn àfẹ́sọ́nà nímọ̀ràn. Àrùn mẹ́rin ni wọ́n ń wò. Sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀, ni ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta yìí ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu Níyì. Awakọ̀ ni, láti Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Kó tó di ẹni ìgbàlà, ó ní ọ̀rẹ́bìnrin kan ní Owódé ní Ọ̀yọ́, egbò kékeré kan sì yọ sí i lójú ara nígbà náà. Kò dùn ún. Ó san fúnra rẹ̀, Níyì sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ń wakọ̀ lọ, ló bá gbọ́ lórí rédíò pé egbò sífílíìsì kì í dunni, pé ó máa ń san fúnra rẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà máa ń lọ jókòó sí. Ó pa rédíò. Àwọn èrò ọkọ̀ ní kó tàn án padà, ó ń wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ni Rejoice, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà, Níyì kò fọwọ́ kàn án rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dúró di ìgbéyàwó. Ọpẹ́yẹmí, ọ̀rẹ́ Níyì, ló máa ń bá a fi ọ̀kadà gbé Rejoice délé tí wọ́n bá parí ìdánrawò orin, nítorí ọ̀nà Ọ̀yọ́ kì í jẹ́ kí Níyì tètè dé.

Ọpẹ́yẹmí ni adarí ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì sẹ́ni tó rí obìnrin lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Àwọn ìyá ìjọ ń fi í bú àwọn ọmọ wọn. Níyì ro gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò rí èyí tó mọ́ tó tirẹ̀.

"Bá mi lọ fún wọn lẹ́jẹ̀," ló sọ fún un. "Kí o pe ara rẹ ní èmi."

"Irọ́ nìyẹn, Níyì."

"Tèmi ni irọ́. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni tìrẹ."

"O ò ṣe lọ fúnra rẹ, kí o kúkú mọ̀?"

"Tí mo bá mọ̀, Màmá Dorcas náà á mọ̀. Ìgbéyàwó mi ni mò ń sọ, ìwọ ń wàásù."

Ọpẹ́yẹmí lọ. Ní ilé àyẹ̀wò, orúkọ ni wọ́n ń bi èèyàn, wọn kì í wo ojú. Ó na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún un ní òwú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Dorcas ránṣẹ́ pe Níyì.

"Jókòó. Sífílíìsì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ."

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi, mà?"

"Ta ló tún ń jẹ́ Olúwaníyì níbí?"

Níyì rò ó wò. Tó bá ní ẹ̀jẹ̀ òun kọ́, irọ́ á fọ́, ìgbéyàwó á bá a lọ. "Èmi náà ni, mà," ló wí.

"Má bọkàn jẹ́, ó ń san," ni màmá wí. "Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá sá fún àyẹ̀wò ló ń bà jẹ́ fún. Á wọ ọkàn, á wọ ọpọlọ, á pa ọmọ nínú aboyún. Tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ tán, a ó kéde yín. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún Rejoice. Èmi kì í gbé èsì ẹnì kan fún ẹnì kejì." Ó mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ní sùúrù rárá."

Níyì gbà pé òótọ́ ni. Ó kọ ìdí sí i, ó sì gba abẹ́rẹ́ Ọpẹ́yẹmí.

Láti ibẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Sífílíìsì ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ẹni mímọ́."

Ọpẹ́yẹmí pa ìwé orin dé. "Rejoice ti gbọ́?"

"Kò tíì gbọ́. Lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ ta lo ti kó o?"

"Ṣé mo bi ọ́ nípa Owódé?"

Níyì yíjú padà, ó jáde.

Ó bá Rejoice níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó sọ ohun tí ìwé àyẹ̀wò wí, kò sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́.

Rejoice gbé bírò sílẹ̀. "Ìwé tiyín ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tèmi ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti dárí jì yín, Bọ̀ọ̀dá Níyì. Ẹ jẹ́ ká gba abẹ́rẹ́, ká má sọ ọ́ mọ́."

Kò sunkún, kò pariwo. Ó tún bu omi fún un mu. Oore yìí ti Níyì lójú. Ó rí i pé òun kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ tí òun kò mọ̀ lọ bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé ọkọ. Lọ́jọ́ kejì, ó já èrò sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó wọ ilé àyẹ̀wò kan, ó na apá tirẹ̀ gan-an.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni ọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà wí.

"Mo ti gba abẹ́rẹ́ kan. Àbí ìyẹn ló ti wò ó?"

"Abẹ́rẹ́ kì í pa irú èsì yìí rẹ́. Ẹni tó bá ti ní in rí, ó ṣì máa ń hàn. Ẹ ò ní in rí, sà. Egbò tiyín, egbò lásán ni."

Níyì kọrin láti Ọ̀yọ́ dé Takie. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Dorcas, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀jẹ̀ Ọpẹ́yẹmí ni wọ́n yẹ̀ wò, ó fi ìwé tuntun lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má tú ìgbéyàwó ká, nítorí pé ara òun mọ́, Rejoice sì ti dárí ohun tí òun kò tilẹ̀ ṣe ji òun.

Màmá Dorcas ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Rejoice tí mo ti gún lábẹ́rẹ́ kí n tó gún ìwọ ńkọ́, tó ń sunkún pé ọ̀dọ̀ rẹ lòun ti kó o?"