Ẹni Tí Yóò Jókòó Tì Í

Alágbàfọ̀ náà kò fi ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́rùn aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Omi tútù ló kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, kó tó fọṣẹ sí i. Ó pe ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo apá rẹ̀. Kò rí ojú ọgbẹ́ kankan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Látìgbà tí wọ́n ti kó dé àdúgbò náà, kò sí ọ̀rẹ́ kan tó wá kí i nílé rí. Ìyá gbà pé òun lòun fà á. Kùtùkùtù ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìkanra ló ń bá a wọlé, orí ọmọ yìí náà ló sì ń sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ilé-ìwé lọ. Olùkọ́ fa àga fún un.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í, mà. Mo sọ̀rọ̀ títí, bí ẹní ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í gbọ́ tàgbà tó bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ara wọn. Ẹ rí olórí kíláàsì wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Balógun? Ibi tó bá yí sí ni gbogbo wọn ń yí sí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Balógun, ẹ̀rín ló fi ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ìdí ẹ̀rọ omi ni alágbàfọ̀ ti bá a. Díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀ fọ́mọ tó lè bí.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi jókòó tì í. Bá a rìn. Táwọn yòókù bá rí ọ, wọ́n á tẹ̀ lé ọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà.

"Èmi, mà?"

"Ìwọ ni wọ́n ní."

Ó pa ẹ̀rọ omi náà. "Ó dáa, mà. Màá gbìyànjú."

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ alágbàfọ̀. Olùkọ́ ní ńṣe ni kíláàsì pa lọ́lọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn méjì kún wọn. Kí oṣù tó parí, àwọn mẹ́fà ló jọ ń rìn lọ sílé, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé wá ń kọrin nídìí abọ́ tó ń fọ̀.

Síbẹ̀, ọkàn ìyá rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá pàdé ìyá ọmọ mìíràn lọ́nà ilé-ìwé, á yáa sọdá sí òdìkejì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìsinmi, ó di Balógun lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì.

"Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ẹrù tèmi ni mo gbé ka ọmọ ọlọ́mọ lórí."

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín mọ́, mà," ni Balógun wí, "èmi lẹni tí ọmọ yín lù kẹ́yìn, látìgbà náà, kò tíì gbọ́wọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì wa."